Ìlú Kékeré Tí Wọ́n Dí Bodè Rẹ̀ Pa: Ìtàn Estóníà ní 2007

  Ìtàn ni ẹ̀kọ́ wa tòní. Kì í ṣe ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú Yorùbá ni a ó fi wò ó. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sókè fún àwọn ọmọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, ẹ dúró kí ẹ ṣàlàyé. Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun àti ìbéèrè wà ní ìsàlẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé: nígbà tí ogun bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ìlú, báwo ni ìjọba ṣe ń dáàbò bo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ìdìbò, báńkì àti ìwé ìròyìn?

Odi àti oníbodè

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń ṣọ́ ìlú. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló ní odi. Odi ni ògiri amọ̀ gíga tí wọ́n mọ yí ìlú ká, tí yàrà jíjìn sì wà níwájú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, odi àti yàrà tí à ń pè ní Erédò Súngbọ́ ṣì wà títí dòní, ó sì gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Ibi tí èèyàn ń gbà wọ inú odi ni bodè. Oníbodè ló ń jókòó síbẹ̀. Òun ló ń wo ẹni tó ń wọlé, òun ló ń gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, òun náà ló sì ń ti ilẹ̀kùn bí ogun bá dé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fojú inú wo nǹkan kan. Ọjọ́ ọjà ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjèjì ṣàdédé ya bo bodè. Wọn kò mú idà, wọn kò mú ọfà. Ṣe ni kálukú wọn ń bi oníbodè léèrè pé, "Níbo lọjà wà? Níbo lọjà wà?" Bó ṣe ń dá ọ̀kan lóhùn ni ọgọ́rùn-ún mìíràn ń dé. Ìyá aláta kò ráyè wọlé. Àgbẹ̀ tó ru iṣu kò ráyè wọlé. Ẹnikẹ́ni kò wó ògiri, ẹnikẹ́ni kò jalè, síbẹ̀ ọjà ọjọ́ náà ti dàrú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè Estóníà nìyẹn, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni bodè tiwọn wà.

Orílẹ̀-èdè kékeré kan

Estóníà wà ní àríwá Yúróòpù, létí Òkun Baltic. Rọ́ṣíà ni aládùúgbò rẹ̀ ní ìlà oòrùn. Tallinn ni olú ìlú rẹ̀. Àwọn èèyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3 péré, ìyẹn ni pé wọn kò tó iye èèyàn tó ń gbé ní Ìbàdàn nìkan. Ní 1940, Sófìẹ́tì gba ilẹ̀ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Jámánì gbà á ní 1941. Sófìẹ́tì tún gbà á padà ní 1944, ó sì jókòó tì í títí di 1991, nígbà tí Estóníà gba òmìnira rẹ̀ padà. Ní 1944 yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Estóníà sá lọ sí òkè òkun. Àwọn kan lọ sí Sweden, àwọn kan dé Amẹ́ríkà, àwọn kan sì dé Toronto ní Kánádà. Ẹ rántí àwọn wọ̀nyí, a ó padà sọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí òmìnira dé, owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n pinnu pé kọ̀ǹpútà ni àwọn yóò fi bá àwọn orílẹ̀-èdè ńlá dọ́gba. Ní 1996, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Tiigrihüpe, ìyẹn "ìfò ẹkùn", láti fi kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì sí àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ní 2002, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ará ìlú ní káàdì ìdánimọ̀ tí èèyàn lè fi buwọ́ lùwé lórí kọ̀ǹpútà. Ní 2005, Estóníà ló kọ́kọ́ ṣe ìdìbò tí gbogbo olùdìbò orílẹ̀-èdè kan lè ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ni ìyẹn. Ní oṣù kẹta 2007, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti yan àwọn aṣòfin, èèyàn 30,275 ló sì dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó dára púpọ̀, àbí? Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá kó gbogbo iṣẹ́ ìlú sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti la ẹnu ọ̀nà púpọ̀ sí ara ògiri rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní oníbodè tó pọ̀ tó.

Ère kan, ìtàn méjì

Ère ọmọ ogun kan tí wọ́n fi idẹ ṣe wà láàárín ìlú Tallinn. Sófìẹ́tì ló gbé e kalẹ̀ ní 1947, ní ìrántí àwọn ọmọ ogun wọn tó kú nígbà tí wọ́n ń bá Hitler jà. Àwọn kan nínú wọn wà ní sàréè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère náà.

Lójú àwọn ará Estóníà tó ń sọ èdè Rọ́ṣíà, tí wọ́n tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ère yìí jẹ́ ìrántí baba àti baba ńlá wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún lọ́dọọdún, wọ́n máa ń gbé òdòdó lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ ọmọ Estóníà, ère kan náà ni àmì àwọn tó gba ilẹ̀ wọn, tó sì kó ẹbí wọn lọ sí Siberia. Ẹ kò rí i pé kò rọrùn? Ọgbẹ́ wà lára apá méjèèjì.

Ní 2007, ìjọba pinnu láti gbé ère náà kúrò láàárín ìlú lọ sí itẹ́ òkú àwọn ológun. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹrin, ìjà ìgboro bẹ́ sílẹ̀. Àwọn èèyàn fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ fara pa, ẹnì kan sì kú. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 27, ìjọba gbé ère náà kúrò. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ yẹn, ogun kejì ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò ní ariwo.

Ọjọ́ 22

Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹrin títí di ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún 2007, ìbéèrè ayédèrú ń ya bo àwọn ìkànnì Estóníà bí omi. Ìkànnì ààrẹ, ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, ti àwọn ìwé ìròyìn bíi Postimees, ti àwọn báńkì ńlá bíi Hansapank, gbogbo wọn ló kàn. Í-meèlì àwọn aṣòfin dákẹ́. Àwọn kan wọ inú ìkànnì ẹgbẹ́ òṣèlú olórí ìjọba, Andrus Ansip, wọ́n sì gbé lẹ́tà irọ́ síbẹ̀ bíi pé òun ló ń tọrọ àforíjì.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn èèyàn ń pín ìlànà kiri ní èdè Rọ́ṣíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé kí ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà ṣe báyìí báyìí láti yọ Estóníà lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni èyí tó burú jù dé. Àwọn oníṣẹ́ ibi máa ń fi àrùn sínú kọ̀ǹpútà àwọn tí kò mọ nǹkan kan, wọn a sì máa darí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ ẹnì kan ní Amẹ́ríkà lè máa kan ilẹ̀kùn báńkì kan ní Tallinn, kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà má sì mọ̀. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wá láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí Rọ́ṣíà ń ṣe àjọ̀dún ìṣẹ́gun, ìkọlù náà gbóná gan-an. Ìkànnì Hansapank kú fún wákàtí mélòó kan.

Ta ló wà ní bodè? Àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ ni, tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ CERT-EE. Ìjọba dá a sílẹ̀ ní 2006, Hillar Aarelaid sì ni olórí wọn. Wọ́n ń wo ibi tí ìbéèrè ayédèrú ti ń wá, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń bẹ àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nílé àti lókè òkun pé kí wọ́n dí i lọ́hùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Finland àti Jámánì ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, ti ìwé ìròyìn àti ti ìjọba ń pe ara wọn lóru lọ́sàn-án. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọmọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lókè òkun, ẹ kíyè sí ibí yìí dáadáa. Nígbà tí omi náà pọ̀ jù, ohun tó kù fún ọ̀pọ̀ ìkànnì ni láti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tó bá ti òkè òkun wá. Postimees ṣe bẹ́ẹ̀. Hansapank ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Estóníà, àwọn èèyàn tún lè ka ìròyìn, wọ́n lè sanwó. Ṣùgbọ́n ọmọ Estóníà tó wà ní Toronto kò lè ka ìwé ìròyìn ilé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ kà á jù lọ. Ẹni tó fi owó sí báńkì nílé kò rí owó rẹ̀ wò láti òkèèrè. Àwọn àjèjì tó fẹ́ gbọ́ ti ẹnu Estóníà kò rí i kà.

Oníbodè kò ṣe ohun tó burú. Ogun dé, ó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọ̀tá lójú ló tì mọ́ ọmọ tó lọ sóko lójú. Lójú tèmi, ìṣòro gbogbo ìjọba tiwa-n-tiwa nìyí. Ẹni tó bá ti gbogbo ilẹ̀kùn pa kò ní sí olè ní ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí ọjà níbẹ̀ mọ́ pẹ̀lú. Iṣẹ́ tó le ni kí a ṣọ́ ilé kí ilé sì wà ní ṣíṣí.

Ta ló ṣe é?

Estóníà nawọ́ sí Rọ́ṣíà, ìjọba Rọ́ṣíà sì sọ pé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Estóníà ní kí Rọ́ṣíà bá àwọn wádìí, Rọ́ṣíà kọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní 2008. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni 20 ọdún ni, akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ Estóníà tó ń sọ èdè Rọ́ṣíà sì ni. Owó ìtanràn 17,500 kroon ni wọ́n ní kó san. Gbogbo àwọn yòókù ti pòórá. Ogun orí íntánẹ́ẹ̀tì rí bẹ́ẹ̀: a rí ọfà, a kò rí ẹni tó ta á.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́

Yorùbá ní, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Estóníà gbọ́n lẹ́yìn 2007. Ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí wọ́n ṣe.

Èkínní, wọ́n wá ọ̀rẹ́. Estóníà ti wọ ẹgbẹ́ NATO láti 2004. Ní oṣù karùn-ún 2008, ilé ẹ̀kọ́ àti ìwádìí NATO lórí ogun kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ní Tallinn. Ibẹ̀ ni àwọn amòfin ti jókòó kọ ìwé kan tó jáde ní 2013, Tallinn Manual, tó sọ bí òfin ogun ṣe kan orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èkejì, wọ́n pe ará ìlú sí iṣẹ́. Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, òṣìṣẹ́ báńkì, olùkọ́, amòfin, yọ̀ǹda ara wọn láti dáàbò bo ìlú nígbà ìṣòro. Wọ́n wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ológun àwọn ará ìlú tí à ń pè ní Kaitseliit. Ọjọ́ tí ogun kò sí ni wọ́n ń kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, wọ́n fi ẹ̀dà pamọ́ sí ibòmíràn. Ní 2017, Estóníà àti Luxembourg fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ẹ̀dà àwọn àkọsílẹ̀ ìjọba Estóníà yóò wà ní Luxembourg, nínú iyàrá tó ní ẹ̀tọ́ bí ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba. Bí ọ̀tá bá tilẹ̀ gba Tallinn, ìwé ìbí, ìwé ilẹ̀ àti òfin kò ní ṣòfò. Àwọn tí wọ́n ti gba ilẹ̀ wọn rí ló lè ro irú èrò yìí.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n ń sọ òótọ́ fún ará ìlú kíákíá. Ní ìparí oṣù kẹjọ 2017, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè sọ fún wọn pé àléébù wà nínú káàdì ìdánimọ̀ tó tó nǹkan bí 750,000. Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ku nǹkan bí oṣù kan àtààbọ̀. Ìjọba kò bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, olórí ìjọba, Jüri Ratas, bọ́ síta ó sì sọ fún gbogbo ayé. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n dá iṣẹ́ àwọn káàdì náà dúró títí tí oníkálukú fi tún tirẹ̀ ṣe.

Ṣé ó ràn wọ́n lọ́wọ́? Ní oṣù kẹjọ 2022, wọ́n gbé ọkọ̀ ogun Sófìẹ́tì kan tí wọ́n fi ṣe ìrántí kúrò ní ìlú Narva. Ìkọlù tún dé, ìjọba sì sọ pé irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ láti 2007. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ará ìlú kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹta 2023, ju ìdajì ìbò àwọn aṣòfin lọ ló gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé.

Kì í ṣe pé gbogbo èèyàn fara mọ́ ọn o. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà àti ibòmíràn yẹ ìdìbò orí íntánẹ́ẹ̀tì Estóníà wò, wọ́n sì ní kí wọ́n dá a dúró nítorí pé ọ̀tá tó lágbára lè yí i padà. Estóníà kò gbà. Wọ́n ní olùdìbò lè tún ìbò rẹ̀ dì títí, èyí tó kẹ́yìn ni a ó kà, bó bá sì lọ dìbò lórí pépà, ti pépà ló borí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán láàárín wọn.

Ilẹ̀ tí à ń gbé, ilẹ̀ tí a ti wá

Ní Ìlú Ọba, pépà ni wọ́n fi ń dìbò, nítorí náà kò rọrùn fún ẹni tó wà lókè òkun láti jí ìbò. Síbẹ̀, àwọn kan wọ inú kọ̀ǹpútà àjọ tó ń rí sí ìdìbò ní oṣù kẹjọ 2021. Oṣù kẹwàá 2022 ni àjọ náà tó fura. Oṣù kẹjọ 2023 ni wọ́n tó sọ fún ará ìlú pé ó ṣeé ṣe kí àwọn olè ti rí orúkọ àti àdírẹ́sì nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 èèyàn. Ẹ fi wé ọ̀sẹ̀ kan tí Estóníà fi sọ tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn wàhálà ìdìbò 2016, ìjọba kéde ní oṣù kìíní 2017 pé ohun èlò ìdìbò wà lára ohun tí orílẹ̀-èdè kò lè ṣe aláìní, bí iná mànàmáná.

Nílé ńkọ́? Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2015, ọjọ́ ìdìbò ààrẹ Nàìjíríà, àwọn kan tó pe ara wọn ní Nigerian Cyber Army gba ojú ìkànnì INEC. Ìbò kò bàjẹ́, nítorí orí pépà ló wà. Ní 2022, alága INEC, Mahmood Yakubu, sọ pé àwọn kan gbìyànjú láti wọ ìkànnì tí wọ́n ń gbé èsì sí nígbà ìdìbò gómìnà ní Èkìtì àti Ọ̀ṣun, wọn kò sì rí i wọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2023, èsì ìdìbò ààrẹ kò dé orí ìkànnì yẹn bí wọ́n ṣe ṣèlérí. INEC ní ẹ̀rọ ló yọnu. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà. Ẹ kò rí i? Ìgbẹ́kẹ̀lé lè wó láìsí pé ọ̀tá kankan wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí parí rẹ̀. Ọmọ Estóníà tó wà ní Toronto, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú ní 2007, lè dìbò nílé rẹ̀ lónìí láti orí àga tó jókòó sí. Ní 2023, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Toronto kan náà kò lè dìbò àyàfi bó bá padà sílé. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́, ó lè jẹ́ ẹ̀yin ni oníbodè ọ̀la. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ṣí i fún ọmọ ilé pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ tuntun

Odi: ògiri tó yí ìlú ká.
Oníbodè: ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìlú.
Ìkọlù: kí èèyàn tàbí ọ̀tá kọ lu ẹlòmíràn.
Ẹ̀dà: ohun tí a kọ tàbí tí a tẹ̀ tó jọ ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́.
Owó ìtanràn: owó tí ilé ẹjọ́ ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ san.
Ìjọba tiwa-n-tiwa: ìjọba tí ará ìlú fi ìbò yàn.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ère kan ṣoṣo fi ní ìtàn méjì?
2. Báwo ni èèyàn ṣe lè dí ọjà láìjí nǹkan kan?
3. Nínú ohun mẹ́rin tí Estóníà ṣe, èwo lo rò pé ó ṣe pàtàkì jù? Sọ ìdí rẹ̀ fún ìyá tàbí bàbá rẹ ní èdè Yorùbá.
4. Bí o bá jẹ́ oníbodè, ṣé wàá ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo èèyàn?